Algae ti bo táǹkì mbuna mi, ẹja tí mo rà pé kó jẹ ẹ́ ni wọ́n ń bù jẹ

OníMbuna_Ìbàdàn:

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin ẹ̀gbọ́n àti ẹ̀yin ará. Ìmọ̀ràn ni mo wá gbà.

Táǹkì mi gùn ní sẹ̀ǹtímítà 120, ó fẹ̀ ní 45, ó ga ní 50. Bí mo bá yọ àyè òkúta àti iyanrìn kúrò, omi tó wà nínú rẹ̀ á tó lítà 220. Mbuna, ẹja adágún Malawi, 22 ló wà níbẹ̀: auratus 6, kenyi 5, yellow lab 8, red zebra 3. Fílítà kan ṣoṣo ni, onídèérí tó ń dúró níta lábẹ́ táǹkì, wọ́n sì kọ lítà 1,000 ní wákàtí kan sára rẹ̀. Omi bọ́ọ̀hóòlù ni mò ń lò. Táǹkì náà ti pé oṣù 7.

Bí mo bá nu gíláàsì iwájú lónìí, tó bá fi máa di ọ̀túnla, algae (ewé wẹ́wẹ́ inú omi) ti tún sọ ọ́ di àwọ̀ ewé. Búráùn kan tó rọ̀ bí ìyẹ̀fun wà lára iyanrìn. Èyí tó wá ń dà mí láàmú jù ni nǹkan dúdú bí irùngbọ̀n tó hù sétí àwọn òkúta àti sẹ́nu páìpù tí omi fílítà ń gbà jáde. Mo fi búrọ́ọ̀ṣì ha á, kò kúrò.

Mo ra pleco kan, ẹja ajẹ-algae, tó gùn tó sẹ̀ǹtímítà 12. Kò pé ọ̀sẹ̀ kan tí wọ́n fi gé ìrù rẹ̀ àti lẹbẹ ẹ̀yìn rẹ̀ jẹ. Mo da ìṣáwùrú 10 sí i, wọ́n dojú wọn dé, wọ́n fa ẹran wọn jáde nínú ìkarahun.

Iná táǹkì ń tàn láti aago 7 àárọ̀ di aago 7 alẹ́. Fèrèsé wà ní ẹ̀gbẹ́ ọ̀tún, oòrùn àárọ̀ ń gbabẹ̀ wọlé. Ẹ̀ẹ̀mẹ́ta lójúmọ́ ni mò ń bọ́ wọn, mo sì ń pààrọ̀ ìdá 20 nínú ọgọ́rùn-ún omi ní ọ̀sẹ̀ méjì-méjì.

Ìbéèrè mi ni pé: ẹ̀dá wo ló lè jẹ algae tí àwọn jàgídíjàgan yìí kò ní pa? Báwo ni mo ṣe máa mú nǹkan dúdú yẹn kúrò? Ẹni tó ń ta ẹja fún mi tún fi oògùn olómi aláwọ̀ aró kan hàn mí, ó ní kí n dà á sí i. Ṣé kí n dà á sí i?

---

Àgbà_Inú_Omi:

Ẹ kú làálàá. Ẹ jẹ́ ká dá owó ẹja tuntun yẹn dúró ná, nítorí ajẹ-algae 22 ló ti wà nínú táǹkì yín. Mbuna gan-an ni. Ní adágún Malawi, ara òkúta ni wọ́n ti ń jẹun látàárọ̀ ṣúlẹ̀, wọ́n ń fi eyín ha algae àti àwọn kòkòrò wẹ́wẹ́ tó fara pamọ́ sínú rẹ̀. Kódà èdè àwọn ará Tonga ilẹ̀ Malawi ni “mbuna”, ẹja inú òkúta ló túmọ̀ sí. Àmọ́ ẹja tí wọ́n ń bọ́ yó lẹ́ẹ̀mẹ́ta lójúmọ́ kò ní ohun tó fẹ́ fi algae ṣe.

Nítorí náà, oúnjẹ ni kí ẹ kọ́kọ́ dín kù. Ẹ̀ẹ̀mejì lójúmọ́ tó, kó sì jẹ́ ìwọ̀n tí wọ́n máa gbé mì tán láàárín ìṣẹ́jú kan. Bí ẹyọ kan bá fi lè dé orí iyanrìn kó sì dúró síbẹ̀, ó ti pọ̀ jù. Lọ́jọ́ kan nínú ọ̀sẹ̀, ẹ má fún wọn ní nǹkan kan rárá; ọjọ́ yẹn ni ẹ máa rí wọn lára òkúta. Oúnjẹ tí wọ́n fi spirulina (irú algae kan) ṣe ni kí ẹ rà. Ẹ yàgò fún ọkàn màlúù àti oúnjẹ tó kún fún ẹran, torí pé ìfun auratus àti kenyi gùn, oúnjẹ ewé ló bá a mu. Ẹran lè mú ikùn wọn wú, ẹja tí ikùn rẹ̀ bá sì ti wú báyìí kì í pẹ́ kú.

Lẹ́yìn náà ni iná. Wákàtí 12 pọ̀ jù fún táǹkì tí kò ní ewéko nínú. Mbuna ò nílò iná yẹn, àwa tá a fẹ́ wò wọ́n la nílò rẹ̀. Ẹ sọ ọ́ di wákàtí 6, kó bọ́ sí àsìkò tí ẹ bá wà nílé, bí aago 4 ìrọ̀lẹ́ sí aago 10 alẹ́. Ẹ lo táímà. Ẹ ṣọ́ra fún táímà oníyíyí tí kò ní bátìrì o: tí wọ́n bá mú iná lọ, òun náà á dúró. Bí iná bá lọ fún wákàtí 5 lónìí àti wákàtí 5 lọ́la, aago 2 òru ni iná táǹkì yín á máa tàn, ẹ ò sì ní mọ̀ torí pé ẹ ti sùn. Èyí tó ní bátìrì nínú ni kí ẹ rà.

Oòrùn fèrèsé kò mọ táímà. Ẹ lẹ rọ́bà dúdú tàbí páálí dúdú mọ́ gíláàsì ẹ̀yìn àti ti ẹ̀gbẹ́ ọ̀tún láti òkè délẹ̀, kí kọ́tìnì tó nípọn sì máa wà lójú fèrèsé náà ní àárọ̀. Ọ̀pọ̀ ló ń dín iná gílóòbù kù tí wọ́n ń gbàgbé oòrùn, tí wọ́n á wá ní ọ̀rọ̀ iná kò ṣiṣẹ́.

Ibi tí ọ̀rọ̀ pọ̀ sí jù ni omi. Ẹ jẹ́ ká ṣe ìṣirò. Ká ní nitrate (ohun tí ìgbẹ́ ẹja ń dà nínú omi, tó ń bọ́ algae) inú táǹkì yín ń fi miligíráàmù 20 lórí lítà kan pọ̀ sí i lọ́sẹ̀, omi tuntun yín kò sì ní nitrate. Ẹni tó bá ń pààrọ̀ ìdá mẹ́rin omi lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀, nitrate rẹ̀ kò ní yé gòkè títí tó fi máa kan 80. Ẹni tó bá ń pààrọ̀ ìdajì, 40 ló máa dúró lé. Tiyín ńkọ́? Láàárín ọ̀sẹ̀ méjì, 40 ló ń wọlé, ìdá márùn-ún péré ni ẹ ń dà jáde. 200 ni irú omi bẹ́ẹ̀ ń lọ bá. Kò sí ẹ̀dá ajẹ-algae tó lè bá a yín ṣe é.

Mo mọ̀ pé ẹnì kan á ní kí ẹ dín ẹja kù. Mi ò ní sọ bẹ́ẹ̀. Bí mbuna bá kéré nínú táǹkì, akọ kan á jẹ ọba, á máa lépa àwọn yòókù lọ́kọ̀ọ̀kan títí wọ́n á fi kú. Ìdí tá a fi ń kó wọn jọ ni kí ìjà lè fọ́n ká, kí ẹnì kan ṣoṣo má máa jìyà rẹ̀. Ṣùgbọ́n ọ̀pọ̀ ẹja tó ń pẹ̀tù sí ìjà náà ló ń bọ́ algae: ìgbẹ́ wọn pọ̀, oúnjẹ wọn pọ̀. Gbèsè ni, omi sì ni a fi ń san án. Ìdá 40 sí 50 nínú ọgọ́rùn-ún lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀, láìyẹ̀.

Fílítà yín náà kò tó. Lítà 1,000 ní wákàtí kan tí wọ́n kọ sára rẹ̀, nígbà tí kò tíì sí fóòmù nínú rẹ̀ ni wọ́n wọ̀n ọ́n. Tí ẹ bá tiẹ̀ gbà á bẹ́ẹ̀, omi táǹkì yín kò kọjá nínú rẹ̀ tó ìgbà 5 ní wákàtí kan. Fún mbuna tó pọ̀ báyìí, ìgbà 6 sí 10 ló dára. Ẹ fi ìkejì kún un, kó tú omi láti ìkángun kejì, kí ìdọ̀tí má baà rí ẹ̀yìn òkúta sùn sí.

---

Ìyá_Ẹlẹ́ja_Sùúrùlérè:

Ẹ̀gbọ́n Àgbà ti sọ gbòǹgbò rẹ̀. Ẹ jẹ́ kí n mú oògùn aláwọ̀ aró yẹn àti irùngbọ̀n dúdú.

Oògùn yẹn, ẹ yí ìgò rẹ̀ padà kí ẹ ka ohun tó wà nínú rẹ̀. Bí ẹ bá rí copper (bàbà) tàbí copper sulphate, ẹ gbé e padà síbi tí ẹ ti mú un. Nínú omi tí kò le, bí ọ̀pọ̀ omi bọ́ọ̀hóòlù wa ṣe rí, copper tètè máa ń di májèlé fún ẹja, ó sì máa ń wọ ara òkúta àti iyanrìn, á máa jáde díẹ̀díẹ̀ fún oṣù púpọ̀. Ẹ ò ní lè sin ìṣáwùrú tàbí edé níbẹ̀ mọ́. Tí kò bá tiẹ̀ sí copper nínú rẹ̀, oògùn tó bá pa gbogbo algae lọ́jọ́ kan, ọjọ́ kan náà ni gbogbo rẹ̀ máa bẹ̀rẹ̀ sí í jẹrà. Ìjẹrà ń jẹ afẹ́fẹ́ inú omi. Omi tó wà ní 30°C kò lè gbà ju nǹkan bíi miligíráàmù 7.5 afẹ́fẹ́ oxygen lórí lítà kan lọ. Ó kéré ju ti omi tútù, mbuna sì nílò púpọ̀. Ìdájí ni ẹja máa ń kú nínú irú ọ̀rọ̀ yìí, nígbà tí iná ti kú láti alẹ́ tí afẹ́fẹ́ inú omi ti lọ sílẹ̀ pátápátá.

Irùngbọ̀n dúdú yẹn, ìdílé algae pupa ló ti wá, bó tilẹ̀ ṣe dúdú lójú. Ibi tí omi ti ń rọ́ kọjá ló fẹ́ràn, ìdí nìyẹn tó fi wà lẹ́nu páìpù. Mbuna kì í fẹ́ẹ́ fẹnu kàn án nígbà tó wà láàyè. Tó bá ti kú tán, wọ́n á ha á jẹ. Nítorí náà, pípa ni ká pa á, kí wọ́n jẹ ẹ́ fúnra wọn.

Hydrogen peroxide ni kí ẹ lò, èyí tí wọ́n ń fi nu egbò. Ìdá 3 nínú ọgọ́rùn-ún la fẹ́, wọ́n máa ń kọ “10 vol” sára rẹ̀. Bó bá jẹ́ “20 vol” ni ẹ rí ní kẹ́míìsì, ìdá 6 nìyẹn, ẹ pò ó mọ́ omi lọ́gbọọgba. Ẹ wọ ìbọ̀wọ́.

Ìdajì òkúta ni kí ẹ kó jáde lẹ́ẹ̀kan, kì í ṣe gbogbo rẹ̀, torí àwọn kòkòrò àìfojúrí tó ń jẹ ammonia (oró tó ń wá látinú ìgbẹ́ ẹja) wà lára wọn. Ẹ jẹ́ kí omi ro dànù lára òkúta, kí ẹ wá da peroxide náà sí ojú ibi tó dúdú, tàbí kí ẹ fi búrọ́ọ̀ṣì kùn ún. Á máa hó. Ẹ fi í sílẹ̀ fún ìṣẹ́jú 5, kí ẹ ṣàn án, kí ẹ dá a padà. Ẹ má retí pé kó kúrò lójú ẹsẹ̀. Láàárín ọjọ́ 1 sí 3, á di pupa bí osùn tàbí àwọ̀ píńkì, lẹ́yìn náà á funfun. Tó bá ti pọ́n, ó ti kú. Ọ̀sẹ̀ tó tẹ̀ lé e ni kí ẹ mú ìdajì tó kù.

Òkúta tó wúwo tí ẹ ò lè gbé jáde, àti ẹnu páìpù, inú omi ni ẹ ti máa ṣe é. Ẹ pa fílítà kí omi dúró jẹ́ẹ́. Ẹ fi síríńjì fa peroxide tó jẹ́ ìdá 3, kí ẹ máa tú u jẹ́jẹ́ sórí irùngbọ̀n náà. Fún lítà 220, kí gbogbo rẹ̀ má kọjá mililítà 60 lójúmọ́. Lẹ́yìn ìṣẹ́jú 10, ẹ tan fílítà padà. Ọjọ́ 3 léraléra ni, kí ẹ dáwọ́ dúró, kí ẹ wò ó. Ẹ̀rọ tó ń fẹ́ afẹ́fẹ́ sínú omi gbọ́dọ̀ máa ṣiṣẹ́ ní gbogbo àsìkò náà. Bí ẹ bá rí ẹja tó ń gba afẹ́fẹ́ lókè omi, ẹ pààrọ̀ ìdajì omi lójú ẹsẹ̀. Kí peroxide má kan fóòmù fílítà o.

Òkúta tí èyí kò bá ràn, ẹ lè rì í sínú bílíìṣì tí kò ní òórùn dídùn: ife 1 bílíìṣì sí ife 20 omi, fún ìṣẹ́jú 15. Ẹ ṣàn án dáadáa, kí ẹ sá a sóòrùn fún ọjọ́ 2 tàbí 3 títí tí òórùn bílíìṣì kò fi ní sí lára rẹ̀ mọ́. Bílíìṣì àti peroxide kò gbọ́dọ̀ pàdé nínú korobá kan náà, bílíìṣì kò sì gbọ́dọ̀ pàdé fínígà. Afẹ́fẹ́ tó máa jáde nínú ti fínígà yẹn lè ba ẹ̀dọ̀fóró ènìyàn jẹ́.

Ohun tí ọ̀pọ̀ kì í kà sí rèé. Akọ mbuna kọ̀ọ̀kan ló ní ihò tirẹ̀. Bí ẹ bá kó ìdajì òkúta jáde, àwọn tí ẹ wó ilé wọn á lọ gba ilé onílé, ọjọ́ yẹn gan-an ni ẹja máa ń kú. Ẹ tún gbogbo òkúta tò, títí kan èyí tí ẹ kò wẹ̀, kí ibì kankan má jọ ti tẹ́lẹ̀ mọ́. Nígbà náà kò sí onílé kankan, gbogbo wọn á bẹ̀rẹ̀ lákọ̀tun. Ẹ pa iná táǹkì kí ẹ tó bẹ̀rẹ̀, ẹ má sì tàn án títí di ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kejì. Kí òkúta ìsàlẹ̀ jókòó sórí gíláàsì tàbí sórí pẹpẹ rọ́bà oníhò, kì í ṣe orí iyanrìn. Mbuna ń gbẹ́ ilẹ̀. Bí wọ́n bá gbẹ́ iyanrìn kúrò lábẹ́ òkúta, á wó lu gíláàsì.

---

Ọmọ_Peckham:

Mo kí ìyá wa àti ẹ̀gbọ́n. Mo fẹ́ fi ọ̀rọ̀ ẹja ajẹ-algae kún un, mo sì fẹ́ yà díẹ̀ kúrò lójú ọ̀nà ẹ̀gbọ́n Àgbà, torí ẹja kan wà tó lè gbé pẹ̀lú wọn.

Ẹ kọ́kọ́ yọ pleco yẹn kúrò lónìí. Lẹbẹ tí wọ́n gé á hù padà nínú omi tó mọ́, bí kò bá tíì dé egungun. Lítà 40 pẹ̀lú fílítà fóòmù kékeré tó fún ìwòsàn rẹ̀. Bó bá sì jẹ́ pleco lásán tí wọ́n ń tà káàkiri, ẹ má dá a padà rárá. Ó lè gùn tó sẹ̀ǹtímítà 40, ìgbẹ́ tó ń ya ju algae tó ń jẹ lọ.

Èyí tó ṣeé ṣe ni bristlenose, Ancistrus, irú pleco kékeré kan. Kì í sábà ju sẹ̀ǹtímítà 12 sí 15 lọ, ara rẹ̀ le, ó sì ń fi ẹ̀gún ẹ̀rẹ̀kẹ́ rẹ̀ há ara rẹ̀ mọ́ inú ihò tí kò sí mbuna tó lè fà á jáde. Kékeré kọ́ ni ẹ máa rà. Tó bá fi díẹ̀ ju sẹ̀ǹtímítà 8 lọ, ó dáa. Ẹ gé páìpù omi tí inú rẹ̀ fẹ̀ ní sẹ̀ǹtímítà 5, gígùn rẹ̀ kó jẹ́ 15 sí 20, ẹ fi méjì sí ìsàlẹ̀ lẹ́yìn òkúta. Alẹ́ tí ẹ bá ti tún òkúta tò, tí iná ti kú, ni kí ẹ tú u sínú táǹkì, lẹ́nu páìpù gan-an. Bó bá jẹ́ ojú ọ̀sán ni ẹ tú u sílẹ̀, gbogbo wọn á ti rí i. Ẹ fún un ní kùkúńbà tàbí oúnjẹ tó ń rì lẹ́yìn tí iná bá kú fún wákàtí kan. Tí mbuna bá ṣì ń ríran, wọn ò ní jẹ́ kó jẹ nǹkan kan. Ọ̀kan tó. Akọ bristlenose méjì á máa bá ara wọn jà.

Ẹ má jẹ́ kí wọ́n ta Chinese algae eater fún yín, pàápàá aláwọ̀ wúrà. Nígbà tó wà ní kékeré ló ń jẹ algae. Tó bá dàgbà, á máa jà fún ilẹ̀, á sì máa lẹ̀ mọ́ ẹ̀gbẹ́ ẹja tó fẹ̀, á máa fa ikun ara rẹ̀. Oto (Otocinclus, ẹja ajẹ-algae míì) kéré jù, omi tí kò le ló sì mọ̀. Ọjọ́ kan kò ní tán. Edé, oúnjẹ ni. Ìṣáwùrú, ẹ ti rí i fúnra yín. Synodontis lè gbé pẹ̀lú mbuna dáadáa, ṣùgbọ́n kì í jẹ algae, ẹ má rà á nítorí ìyẹn.

Ohun kejì ni pé, ẹ má wẹ gbogbo òkúta mọ́. Algae aláwọ̀ ewé tó tẹ́ pẹlẹbẹ lára òkúta, ẹ fi sílẹ̀. Oúnjẹ wọn ni, ó sì ń gba nitrate nínú omi. Mbuna tó ń rí nǹkan ha lára òkúta, ó ní iṣẹ́ tó ń ṣe, kì í ráyè lépa ẹlòmíràn látàárọ̀ ṣúlẹ̀. Irùngbọ̀n dúdú nìkan ni ẹ bá jà, kí ẹ sì máa nu gíláàsì iwájú tí ẹ fi ń wò wọ́n.

Fún àwọn tá a jọ wà ní Gẹ̀ẹ́sì: omi Lọ́ńdọ̀nù le, ó bá mbuna mu, ṣùgbọ́n àwọn ilé iṣẹ́ omi níbí ń fi phosphate sínú rẹ̀ kí òjé má baà máa yọ́ láti inú àwọn páìpù àtijọ́. Bí ẹ bá ti ń pààrọ̀ omi dáadáa tí algae kò dín, ẹ wọn phosphate omi ẹ̀rọ fúnra rẹ̀. Ìyẹ̀pẹ̀ onírin tí wọ́n ń tà fún gbígba phosphate, nínú àpò kékeré nínú fílítà, ló ń yanjú rẹ̀.

---

OníMbuna_Ìbàdàn:

Ẹ ṣé gan-an, ẹ̀yin àgbà. Mo ti yọ pleco, mo ti dín iná kù. Mo ra ohun ìdánwò omi: nitrate inú táǹkì pupa ju àmì 80 lọ. Omi bọ́ọ̀hóòlù kò fi nitrate hàn rárá. Ammonia táǹkì jẹ́ 0.5. pH (ìwọ̀n kíkan omi) táǹkì jẹ́ 6.6, ti bọ́ọ̀hóòlù 6.2. Ṣé kí n pààrọ̀ ìdajì omi lónìí? Ẹ jọ̀wọ́, auratus kan tún wà tó máa ń bu mí lọ́wọ́ jẹ nígbàkígbà tí mo bá ń nu gíláàsì.

---

Àgbà_Inú_Omi:

Ẹ dúró ná, ẹ má pààrọ̀ ìdajì lónìí. Àwọn nọ́ńbà yẹn so mọ́ra wọn.

Bí fílítà bá ń sọ ammonia di nitrate, ó ń jẹ agbára tó ń di pH omi mú. Omi bọ́ọ̀hóòlù yín kò ní púpọ̀ nínú agbára yẹn tẹ́lẹ̀, ni pH táǹkì kò ṣe kọjá 6.6, nígbà tó jẹ́ pé 7.8 sí 8.6 ló bá mbuna mu. Bí pH bá ti lọ sílẹ̀ báyìí, àwọn kòkòrò inú fílítà á rẹ̀wẹ̀sì, ammonia á bẹ̀rẹ̀ sí í ṣẹ́kù. Ní pH 6.6, ammonia yín fẹ́rẹ̀ẹ́ má ní oró rárá, ó wà bí ammonium. Bí ẹ bá fi omi tuntun tí pH rẹ̀ ga tàbí oògùn gbé pH sókè lójijì lọ sí 8, ammonia kan náà á di olóró, ẹja lè kú nínú omi tó mọ́ lójú.

Nítorí náà, díẹ̀díẹ̀ ni. Ẹ pa omi bọ́ọ̀hóòlù mọ́ sínú dúrọ́ọ̀mù fún wákàtí 24, kí ẹ̀rọ máa fẹ́ afẹ́fẹ́ sí i. pH rẹ̀ á gòkè díẹ̀ fúnra rẹ̀. Sínú lítà 50, ẹ fi ṣíbí ìpotíì kan baking soda, nǹkan bíi gíráàmù 6, èyí á gbé líle carbonate rẹ̀ (agbára tó ń di pH mú yẹn) sókè ní nǹkan bíi dígírì 4. Baking soda ni o, kì í ṣe baking powder, kì í sì ṣe kánún. Fún ìpààrọ̀ méjì àkọ́kọ́, ìdajì ṣíbí ni kí ẹ lò.

Ẹ máa pààrọ̀ ìdá 15 nínú ọgọ́rùn-ún lójoojúmọ́ fún ọjọ́ 3, kí ẹ máa wọn ammonia. Tó bá ti di 0, ẹ bọ́ sí ìdá 30 ní ọjọ́ méjì-méjì, ìgbà 5. Nitrate tó bá bẹ̀rẹ̀ láti 100 á ti bọ́ sí nǹkan bíi 17 nígbà tí ẹ bá ṣe tán, bí a bá yọ èyí tí ẹja ń fi kún un kúrò. Láti ìgbà náà ni ìdajì lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀ máa bẹ̀rẹ̀. Ẹ da ìkarahun oyster tí wọ́n fọ́, irú èyí tí wọ́n ń tà níbi oúnjẹ adìẹ, kílò 1, sínú àpò onínẹ́ẹ̀tì, ẹ ṣàn án títí tí omi rẹ̀ á fi mọ́, ẹ fi sínú fílítà. Á máa yọ́ jẹ́jẹ́, pH kò ní máa já mọ́.

Ẹ má bẹ̀rẹ̀ peroxide ìyá wa títí ammonia á fi di 0.

---

Ìyá_Ẹlẹ́ja_Sùúrùlérè:

Òótọ́ ni ẹ̀gbọ́n sọ, kò yẹ kí èmi náà mú peroxide wá kí n tó béèrè pH. Ammonia ni kí ẹ kọ́kọ́ bá jà.

Ti auratus tó ń bu yín jẹ: ilé rẹ̀ ló wà níbẹ̀. Ẹ ra ìhagíláàsì tó ní ọ̀pá gígùn, kí abẹ fẹ́lẹ́ wà lẹ́nu rẹ̀. Dígírì 45 ni kí ẹ máa fi dà á sí gíláàsì, láti òkè wá sílẹ̀, kí ẹ sì dúró ní sẹ̀ǹtímítà 3 sókè iyanrìn, nítorí hóró iyanrìn kan tó bá há sábẹ́ abẹ máa fa gíláàsì ya. Bẹ́ẹ̀ náà ni ti ìnugíláàsì onímágínẹ́ẹ̀tì, ẹ máa wo ojú rẹ̀ kí ẹ tó lò ó. Bó bá jẹ́ rọ́bà ni ara táǹkì yín, ẹ má fi abẹ kàn án rárá, káàdì báńkì àtijọ́ ló dáa. Ẹ tún má fi abẹ kan ìsopọ̀ sílíkóònì ní igun.

---

Ọmọ_Peckham:

Mo tún rántí ohun kan nítorí iná tó ń lọ tó ń bọ̀. Fílítà onídèérí bíi tiyín, bí iná bá lọ ju wákàtí 4 lọ, omi inú rẹ̀ á ti pàdánù afẹ́fẹ́, àwọn kòkòrò inú rẹ̀ á ti máa kú. Ẹ má kàn tàn án padà kó tú omi yẹn sínú táǹkì. Ẹ ṣí i, ẹ da omi inú rẹ̀ nù, ẹ fi omi táǹkì fún fóòmù rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan tàbí ẹ̀ẹ̀mejì, kí ẹ tó tàn án. Fílítà fóòmù kan tó ń lo ẹ̀rọ afẹ́fẹ́ oníbátìrì á gba ẹja yín là ní irú àsìkò bẹ́ẹ̀, mo sì rò pé òun ló yẹ kí ẹ rà ṣáájú fílítà kejì tí ẹ̀gbọ́n ní kí ẹ fi kún un.

Bí ẹ bá sì ń fọ fóòmù fílítà, kó má bọ́ sí ọ̀sẹ̀ kan náà tí ẹ ń wẹ òkúta. Ẹ fi ọ̀sẹ̀ méjì sáàárín wọn.

---

OníMbuna_Ìbàdàn:

Ọlọ́run á bù kún yín. Dúrọ́ọ̀mù ti wà lábẹ́ ẹ̀rọ afẹ́fẹ́ láti àná. Màá fi nọ́ńbà ammonia ọjọ́ mẹ́ta àkọ́kọ́ síbí kí n tó fọwọ́ kan òkúta.

---

Àgbà_Inú_Omi:

Ó dáa bẹ́ẹ̀. Ẹ kọ pH náà mọ́ ọn, kí ẹ máa wọ̀n wọ́n ní wákàtí kan náà lójoojúmọ́, kí ẹ tó tan iná táǹkì. Bí algae bá ti pọ̀ nínú omi, pH àárọ̀ àti ti ìrọ̀lẹ́ kì í dọ́gba.